Orí Kẹfà: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní Ajah, Ṣángótẹ̀dó, Awóyáyà àti Lakowe, lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló kún orí tábìlì: Dell Latitude, HP EliteBook, Lenovo ThinkPad tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun lò tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú wọn ni Windows 11 kò gbà. Àfi kí ẹ̀rọ ní ṣíìpù ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, kí ọpọlọ Intel inú rẹ̀ sì jẹ́ ìran kẹjọ sókè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Ara ẹ̀rọ ṣì le, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dáa ju ti ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe Windows ti kẹ̀yìn sí i.

Ibẹ̀ ni Linux ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. A ti rí i ní orí tó ṣáájú bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí fíláàṣì. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni ìyàlẹ́nu yìí: ènìyàn wo fídíò kan lórí YouTube, ó rí fèrèsé tó ń yọ̀ wọlé yọ̀ jáde, ó rí àwọ̀ tó tutù lójú, ó ní òun náà fẹ́ irú rẹ̀. Ó gbé Debian sórí ThinkPad rẹ̀ torí wọ́n ní Debian lágbára. Ó tan ẹ̀rọ, kò rí ohun tó wò. Orúkọ kan náà ni, KDE Plasma, ṣùgbọ́n ti ọdún tó kọjá ló wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tàn án jẹ. Kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló ṣe ohun tó gbé wálé ni.

Linux fúnra rẹ̀, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò ní ojú tí ènìyàn lè wò. Abẹ́lẹ̀ ló wà, ó ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ fún àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, ó ń bá díìsìkì, Wi-Fi àti kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Fèrèsé, páànẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, ibi tí a ti ń tẹ fáìlì, ibi tí a ti ń yí ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ padà, àwọn mìíràn ló ń ṣe é. Matthias Ettrich bẹ̀rẹ̀ KDE ní Jámánì ní 1996. Ọdún kan náà ni Olivier Fourdan bẹ̀rẹ̀ Xfce. Nígbà tó di 1997, àwọn ọmọ Mexico méjì, Miguel de Icaza àti Federico Mena, bẹ̀rẹ̀ GNOME. Àkópọ̀ tí ojú ń rí yìí ni mo ń pè ní désíkítọ́ọ̀pù nínú orí yìí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mò ń bá wí.

Debian, Ubuntu, Fedora àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí mo ń pè ní ẹ̀yà Linux, ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Wọ́n gba ti Torvalds, wọ́n gba ti KDE tàbí ti GNOME, wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irinṣẹ́ kéékèèké mìíràn, wọ́n dán wọn wò pọ̀, wọ́n dì wọ́n, wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Olúkúlùkù ló sì ní àsìkò tirẹ̀. GNOME ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Plasma, désíkítọ́ọ̀pù ti KDE, ń jáde ní bíi oṣù mẹ́rin-mẹ́rin láti ìgbà tí Plasma 6 ti dé ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2024. Xfce kì í kánjú: ẹ̀dà 4.18 jáde ní oṣù kejìlá 2022, 4.20 kò sì dé títí di oṣù kejìlá 2024.

Ẹ wá wo Debian 12, tó jáde ní oṣù kẹfà 2023. Plasma 5.27 ló wà nínú rẹ̀, tuntun sì ni nígbà náà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni Plasma 6 dé. Ẹni tó jókòó sórí Debian 12 kò fojú kàn án títí Debian 13 fi jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2025 pẹ̀lú Plasma 6.3 àti GNOME 48. Ó dúró fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ tó ń lo Xfce lórí Debian 12 kan náà, orí ẹ̀dà tó tuntun jù lọ láyé ló wà fún gbogbo oṣù méjìdínlógún àkọ́kọ́, kò sì ṣe nǹkan kan láti yẹ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ̀yà Linux tí désíkítọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í di àtijọ́: désíkítọ́ọ̀pù wo? Tó bá jẹ́ Xfce ló wù ú, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Orí GNOME àti Plasma ni wàhálà wà.

Ìlọ́ra Debian kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà kan jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun fún oṣù mélòó kan, wọ́n á máa wá àṣìṣe. Lẹ́yìn tó bá jáde, tí wọ́n bá rí ihò tí olè lè gbà wọlé, wọ́n á dí ihò náà lára ẹ̀dà àtijọ́ láìyí ojú rẹ̀ padà. Nítorí náà ohun tó ti pẹ́ lójú ṣì lè ní ààbò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí, wọ́n rò pé nọ́ńbà kékeré túmọ̀ sí ẹ̀rọ tí kò ní ìtọ́jú.

Níbi ìnáwó, ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó bu fún àlejò. Nínú Linux náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ń lo Debian ti yan pé kí gbogbo ayé tọ́ ọ wò ṣáájú òun. Ẹni tó bá yan Arch Linux, tí Judd Vinet bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tàbí openSUSE Tumbleweed, ti gbà láti wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ mu. Àwọn méjèèjì yìí kò ní ẹ̀dà ọlọ́dọọdún. Bí nǹkan bá ti ń jáde ni wọ́n ń gbé e lọ fún ènìyàn, Plasma tuntun lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tó wà nídìí kíkọ́kọ́ mu hàn ní oṣù kẹta ọdún 2024. Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọ inú ẹ̀rọ kan láti ọ̀nà jíjìn ti ń fi bíi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fò ó. Freund tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnì kan ti là sínú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀, tó sì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀yà Linux. Ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ni májèlé náà wà. Ó ti wọ Tumbleweed, ó ti wọ ẹ̀dà ìdánwò Debian àti ti Fedora. Ubuntu sún ẹ̀dà ìdánwò 24.04 síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lè tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Debian 12 tí wọ́n ń bú pé ó ti di àtijọ́? Kò débẹ̀ rárá.

N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, Tumbleweed sì ní ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn: ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní openQA máa ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà, á máa tẹ bọ́tìnnì, á máa wo ojú ẹ̀rọ bí ènìyàn, kí àkópọ̀ tuntun tó jáde. Arch kò ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó ń lo òun yóò ka ìkéde kó tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí kíkà ń gbádùn rẹ̀.

Láàárín àwọn tó ń kánjú àti Debian ni Fedora wà, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì fà sí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ Red Hat ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láti 2003. Ó ń jáde ní bíi oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n sì to àsìkò rẹ̀ mọ́ ti GNOME: GNOME 48 jáde ní oṣù kẹta 2025, Fedora 42 gbé e wá ní oṣù kẹrin, GNOME 49 jáde ní oṣù kẹsàn-án, Fedora 43 gbé e wá ní òpin oṣù kẹwàá. Nǹkan bí oṣù kan ni àlàfo náà, ó sì tó fún àwọn ẹlòmíràn láti tọ́ ọ wò. Ìtọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kì í ju bíi oṣù mẹ́tàlá lọ, ìyẹn ni pé ènìyàn kò lè jókòó sójú kan. Ubuntu náà ń jáde ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé sórí ẹ̀rọ ni LTS, tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, tí ìtọ́jú rẹ̀ ń gba ọdún márùn-ún. 24.04 di GNOME 46 mú ṣinṣin.

Ọgbọ́n kan wà tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè ibi tí àwọn tó ń ṣe désíkítọ́ọ̀pù náà fúnra wọn ń gbé. Linux Mint, tí Clément Lefèbvre bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ń fi Ubuntu LTS ṣe ìpìlẹ̀, nítorí náà abẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣe désíkítọ́ọ̀pù Cinnamon, ọ̀dọ̀ wọn ni Cinnamon tuntun sì ti ń kọ́kọ́ yọ. KDE náà ṣe irú rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú KDE neon: ìpìlẹ̀ Ubuntu LTS, Plasma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, torí ìpìlẹ̀ tó dúró àti orí tó ń sáré máa ń fa ara wọn ya nígbà mìíràn.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yíyan ẹ̀yà Linux di ọ̀rọ̀ ńlá. Ní 2007, wọ́n fẹ́ ra lápútọ́ọ̀pù kékeré Classmate ti Intel 17,000 fún àwọn iléèwé wa, Linux ti ilé-iṣẹ́ Faransé tó ń jẹ́ Mandriva ni wọ́n sì fẹ́ kó wà nínú wọn. Ìròyìn wá jáde pé wọ́n máa san owó Linux, kí wọ́n sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún náà. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì fi pamọ́. Nínú oṣù kọkànlá, USPF, àjọ ìjọba tó ń sanwó náà, ní Mandriva ni àwọn fẹ́ lò. Ẹnu ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tó. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé Mandriva, tó borí nígbà náà, kógbá wọlé ní 2015. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti dá Mageia sílẹ̀ ní 2010, torí náà iṣẹ́ náà kò kú pátá. Ẹni tó bá ń yan lónìí, kó wo ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀yà náà àti iye ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, kó tó wo àwòrán ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀yà tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ lè lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ, kó sì dákẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Dátà wá ńkọ́? Lakowe kì í ṣe Jámánì. Ní ọ̀pọ̀ ilé lójú títì Ẹ̀pẹ́, hotspot fóònù ni íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Tumbleweed, nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan dúró lé, máa ń tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àkópọ̀ rẹ̀ kọ́, ìgbàsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà sì lè ju gígábáìtì kan lọ. Fedora ní ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ tó fi ń gba ìyàtọ̀ nìkan láàárín ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní Fedora 40. Odindi ni wọ́n ń gbé wá báyìí. Debian ni kì í fi dátà ṣòfò. Ní oṣù kẹta 2024 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 14, ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀rọ̀ xz tó jáde, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin gé ní ìtòsí Abidjan: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Báǹkì dákẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ń rá pálá. Wáyà Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹrin 2022, kò gé, òun ló ru ẹrù púpọ̀. Ẹni tó wà lórí Debian lọ́sẹ̀ yẹn kò nílò nǹkan púpọ̀ láti òkè òkun.

Ohun kan tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́: GNOME àti Plasma mọ ìyàtọ̀ láàárín íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ àti èyí tí à ń ra. Nígbà tí ẹ bá so mọ́ hotspot Android, Linux máa ń sábà fura pé dátà olówó ni, kò ní fúnra rẹ̀ gba ẹrù ńlá. Tí kò bá fura, ẹ wọ ibi ètò Wi-Fi, ẹ sọ fún un. Kí ẹ wá fi ìgbàsílẹ̀ ńlá sí òru, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń ta dátà alẹ́ lówó pọ́ọ́kú.

Iná ló ṣòro jù. Bátìrì tòkunbọ̀ púpọ̀ kì í gbé ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ ń pààrọ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan fáìlì, ìdajì á jẹ́ tuntun, ìdajì á jẹ́ àtijọ́, ojú dúdú ni ẹ̀yin yóò rí lọ́jọ́ kejì. Fún ìdí yìí, ẹni tó bá fẹ́ tuntun tí kò sì ní ìnfátà, Fedora Silverblue ni n óò fi hàn án, tàbí Kinoite tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n-àbúrò rẹ̀ fún Plasma. Wọn kì í fọwọ́ kan èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti ń kó ẹ̀dà tuntun jọ, ìgbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún un tàn ni wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀. Iná ìbáà lọ nígbà mẹ́ta, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Tumbleweed náà ń fi ipò tí ẹ̀rọ wà pamọ́ kó tó yí nǹkan padà, a sì lè yan èyí tó ṣáájú nígbà tí ẹ̀rọ ń tan. N kò mọ ohun mìíràn nínú Linux òde òní tó wúlò fún ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tó èyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í mẹ́nu bà á.

Désíkítọ́ọ̀pù tuntun kì í sì í ṣàánú ẹ̀rọ àtijọ́ nígbà gbogbo. X11, ètò tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ láti 1987, ni wọ́n ń fi Wayland rọ́pò. Fedora 43 ti yọ GNOME orí X11 kúrò. Lórí ẹ̀rọ tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ti Intel, kò sí wàhálà. Lórí èyí tó ní NVIDIA ọjọ́ pípẹ́, ẹ dán an wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tí ìrántí ẹ̀rọ bá jẹ́ gígábáìtì mẹ́rin, Xfce ni kí ẹ wá, kì í ṣe GNOME. Tí díìsìkì rẹ̀ bá jẹ́ onírin tó ń yí, owó SSD yóò yí ìgbésí ayé yín padà ju Plasma tuntun èyíkéyìí lọ. Ẹlòmíràn sì wà tó rò pé désíkítọ́ọ̀pù lòun ń wá, nígbà tó jẹ́ pé Firefox àti LibreOffice tuntun ló nílò. Flatpak, ọ̀nà kan tí a fi ń gbé ètò sórí Linux, máa ń gbé ìyẹn wá sórí Debian láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ wúwo.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní ìbéèrè tiwa. Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, kó gbé ohùn lé e lórí. Àwọn bíi Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ kí èdè wa lè rí àyè nínú kọ̀ǹpútà. Lórí Linux, ìtẹ̀bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú ètò kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo désíkítọ́ọ̀pù ń lò, lábẹ́ Nàìjíríà, kò sì dìgbà tí ẹ bá lo èyí tó tuntun jù. Tí ohùn bá ń fò kúrò lórí lẹ́tà, fọ́ńtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Noto àti DejaVu kì í sábà já ènìyàn kulẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa Windows rẹ́, ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fíláàṣì, ní ṣọ́ọ̀bù gan-an tí olùtajà bá gbà. Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá kan tó kún fún àmì ohùn. Ẹ mú fídíò ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Ẹ pa ìdérí ẹ̀rọ dé, ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá ó jí. Ẹ wá Wi-Fi. Tí kò bá rí Wi-Fi kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣíìpù Wi-Fi ti Broadcom ló wà nínú rẹ̀. Fedora kì í gbé ètò ti Broadcom púpọ̀ wá. Ẹ má tíì dá a padà fún olùtajà. Ẹ fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé, ẹ ó sì lè fi gba ètò Wi-Fi náà kí ẹ tó máa dúnàá-dúrà lórí iye owó.